Egúngún Kì í Ṣe Revenant

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ó ti wọ ilé wa láìkàgò, tí ó sì ti gba àga jókòó. Ọ̀rọ̀ náà ni revenant. Lórí rédíò, lára ìwé ìkéde ọdún ìbílẹ̀, nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti nínú àwọn àpilẹ̀kọ kan tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí, bí ojú-ewé Yorùbá bá ti kọ Egúngún, ojú-ewé Faransé tí ó kọjú sí i a kọ les revenants. Kò dà bí ẹni pé ó ń ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì mọ́. Àwa ń ṣe kàyéfì sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfepo-bọyọ̀.

Ta ni revenant lẹ́nu àwọn tí ó ni èdè? Òkú ni, òkú tí kò rí ìsinmi. Ó padà wá nítorí pé wọn kò sin ín bí ó ti yẹ, tàbí nítorí pé wọ́n pa á ní ìpa ìkà, tàbí nítorí pé ọ̀ràn kan ṣì wà tí kò parí láàárín òun àti àwọn alààyè. Òru ni ó ń wá. Òun nìkan ni ó ń dá wá, kò sì sí ẹni tí ó pè é. Ilé tí ó bá ń yọ sí, àwọn ará ibẹ̀ a máa wá bí wọn yóò ti kó jáde. Ẹ wá fi èyí wé Egúngún. Egúngún kì í dé bí a kò bá pè é. Ìdílé ni ó dá aṣọ rẹ̀, ìdílé ni ó mọ oríkì rẹ̀, ọjọ́ tí yóò jáde sì ti wà nínú ìṣirò àwọn àgbà kí oṣù tó lé. Ojúmọmọ ni ó ń jáde, ìlù níwájú, ọmọdé lẹ́yìn. Ó ń jó, ó ń súre, ó ń gba owó, ó sì ń pe àwọn ọmọ ilé ní orúkọ tí àwọn baba wọn ń jẹ́. Ará Ọ̀run ni a ń fi kí i. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà, ará. Òun náà ni ó wà nínú ará ilé, òun ni ó wà nínú ará oko, òun ni ó wà nínú ará Adja-Ouèrè. Ẹni tí ó ní ìlú tirẹ̀ ni a ń kí káàbọ̀, kì í ṣe alárìnkiri tí ayé kọ̀ tí ọ̀run kò gbà. Àlejò tí a tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè ni wọ́n wá ń fi orúkọ olè pè.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, à bá gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ni wọ́n jẹ́. Òrìṣà di fétiche, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú feitiço àwọn Potogí wá, èyí tí orísun rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, kí Charles de Brosses tó gbé e sórí ìwé ní 1760 tí ó sì sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ìsìn tí òun kò lóye. Babaláwo àti àwòrò di féticheur. Àwọn ìyá wa di sorcières. Ohun tí ó bá kù, tí ẹnikẹ́ni kò rí orúkọ fún, ni àwọn ọ̀dọ́ Kútọnu ń pè ní mystique: ọ̀kadà tí kò gbiná, ni mystique, ọmọ tí ó mọ ìwé jù, ni mystique, igbó tí ó dákẹ́, ni mystique. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ tiwa ni wọ́n ti rọ sínú àpò kan, wọ́n sì kọ ẹ̀rù sí ẹnu àpò náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù níhìn-ín, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ láti kíláàsì sixième lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí a ti ń ka ìtàn, wọn yóò pàdé ọ̀rọ̀ mẹ́ta: eerie, weird, uncanny. Ìwé atúmọ̀-èdè yóò fi bizarre tàbí étrange dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn. Bí a bá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, abàmì ni wọn yóò wí, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn yóò sì gbà gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbi tí Yorùbá ní ẹyọ kan. Irọ́ ni. A ó gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Eerie jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Scotland àti àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi kan tàbí nǹkan kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni: ojo, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ó bọ́ sára ibi tí ń ba ni lẹ́rù. Lónìí, ilé tí ó ṣófo ni eerie, ìmọ́lẹ̀ tí kò ní orísun ni eerie, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó pọ̀ jù ni eerie. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ara ènìyàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Weird ní ìtàn tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan má gbàgbé. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wyrd ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìpín, àyànmọ́, ohun tí a kọ mọ́ ènìyàn. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí Shakespeare pè ní weird sisters nínú Macbeth, kì í ṣe nítorí pé ìrísí wọn yàtọ̀ ni ó ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wọ́n mọ ohun tí a yàn mọ́ ọkùnrin náà ni. Àwọn tí ó ń wo eré náà lẹ́yìn-ọ̀la kò mọ ìtumọ̀ àtijọ́ mọ́. Ìrísí àwọn arúgbó náà ni wọ́n rí, wọ́n sì rò pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àyànmọ́ ṣe di orúkọ ohun tí kò bójú mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lójú wa yìí: a kò rí ìtumọ̀ mọ́, ìrísí ni a ń rí.

Uncanny ni ìkẹta. Scotland ni òun náà ti wá. Canny ni ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí a lè fọkàn tán. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí mímọ̀ ni ó ti jáde. Uncanny, nígbà náà, ni ohun tí ìmọ̀ wa kò ká, ohun tí a kò lè fi ọkàn tán. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí ó súnmọ́ ọn, unheimlich, nínú èyí tí heim, tí í ṣe ilé, wà. Ní 1919 ni Sigmund Freud kọ àròkọ kan lé ọ̀rọ̀ yìí lórí. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kì í ṣe àjèjì pátápátá ni ó ń ba ènìyàn lẹ́rù ní ọ̀nà yìí, bí kò ṣe ohun ilé, ohun tí a ti mọ̀ rí, tí ó wá yọjú níbi tí kò yẹ kí ó ti yọ. Nígbà tí Marie Bonaparte gbé àròkọ náà lọ sí èdè Faransé ní 1933, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó so pọ̀: l'inquiétante étrangeté, àjèjì tí kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ilé ti sọnù. Jámánì ní ilé, Gẹ̀ẹ́sì ní ìmọ̀, Faransé ní àìbalẹ̀-ọkàn. Aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n jọ ń ra ìwé ara wọn láti ìgbà láéláé, síbẹ̀ wọn kò lè gbé ọ̀rọ̀ kan kọjá ibodè láìjẹ́ pé nǹkan já bọ́ lọ́nà. Àwa wá ni kí a gbà pé revenant gbé Egúngún kọjá tán, tí ohunkóhun kò sì já bọ́?

Yorùbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú abàmì tí àwọn ọmọ ń sáré lò. Abàmì kì í ṣe eerie. Abàmì ni ẹ̀dá tí ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ Fẹlá Aníkúlápó Kútì ń pè é ní Abàmì Ẹ̀dá, kì í ṣe pé ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ń yìn ín ni. Èèmọ̀ burú ju ìyẹn lọ: ohun tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ni, tí ó sì ṣẹlẹ̀, tí ó sì ń béèrè pé kí a wá nǹkan ṣe sí i. Kàyéfì ń da ọgbọ́n orí láàmú, kò kan ẹ̀rù. Àràmàǹdà ń mú ni yà á lẹ́nu pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àdììtú ni èyí tí a dì tí a kò lè tú; D. O. Fágúnwà fi ṣe orúkọ ìwé rẹ̀ ti 1961. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi rọ́pò èkejì, gẹ́gẹ́ bí a kò ti lè fi ìyọ̀ rọ́pò iyọ̀.

Níbo wá ni eerie wà? Ó wà níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Scotland pàápàá, nínú ara. Orí mi wú. Ara mi bù máṣọ. Jìnnìjìnnì bò mí. Yorùbá kì í sábà sọ pé ibì kan ní ẹ̀rù nínú bí ìkòkò ti í ní omi nínú. Ohun tí ibẹ̀ ṣe sí ara ènìyàn ni ó máa ń sọ. Orí wú yìí sì ní ìjìnlẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ọdẹ tí ó gbọ́ ohùn láàárín igbó níbi tí kò sí ènìyàn, orí rẹ̀ wú. Ọmọ tí Egúngún ilé rẹ̀ ké oríkì baba ńlá rẹ̀ sí létí, orí tirẹ̀ náà wú. Ọ̀kan ń wá ọ̀nà àtisá, èkejì ń wá owó nínú àpò, ara àwọn méjèèjì sì ń sọ ohun kan náà: ohun tí ó jù mí lọ wà nítòsí. Ẹni tí ó bá fi eerie túmọ̀ èkejì ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni ó so méjèèjì pọ̀ kò tíì gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí èdè wa ń gbà sọ ọ́, èyíinì ni pé ó ń ya ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sọ́tọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ibì kan lè pa rọ́rọ́, ó sì lè dára. Ilé ń pa rọ́rọ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn. Ibì kan lè dá páropáro, ìyẹn ni pé ó yẹ kí ènìyàn wà níbẹ̀, wọn kò sì sí. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà oko kọjá láàárín ọ̀pẹ ní ìgbèríko wa, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sábẹ́ ibòji tí ẹyẹ pàápàá ti dákẹ́, yóò mọ ohun tí à ń wí. Ìtàn ẹ̀rù àwọn òyìnbó ń fẹ́ òru, ó ń fẹ́ kùrukùru, ó ń fẹ́ ilé àtijọ́. Tiwa kò nílò wọn. Àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí aláboyún rìn ní ọ̀sán gangan, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ ṣeré ní oríta ní àkókò yẹn, nítorí pé ìgbà tí òjìji bá kúrú sí abẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ni àwọn tí kì í ṣe ènìyàn ń rìn. Ọjà náà kò yọ sílẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà tí ó wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ wà, ariwo wà, owó ń lọ owó ń bọ̀, ìwọ sì ń bá ẹnì kan ná ọjà tí o kò mọ ibi tí ó ti wá. Ọjà tí ó kún bí ti Ikpinlè ni ìyẹn, kì í ṣe itẹ́ òkú. Kò sí ọ̀rọ̀ Faransé kan tí ó mọ irú ẹ̀rù yìí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń rò pé a kò ní in.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi hàn jù lọ pé unheimlich kì í ṣe ohun ìní Jámánì nìkan ni àkúdàáyà. Gbogbo ilé ni ó ní ìtàn rẹ̀. Ọkùnrin kan kú, a sì sin ín. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oníṣòwò ará ìlú rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí ọjà tí ó jìnnà, ó sì bá a níbẹ̀, ó ń ta ọjà. Kò wọ aṣọ funfun, kò sunkún, kò fa ẹ̀wọ̀n nílẹ̀. Ó ní ìyàwó níbẹ̀, ó ti bímọ, ó ń san àjọ, àwọn aládùúgbò ń jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tán, yóò wá ọ̀nà lọ, a kò sì ní rí i níbẹ̀ mọ́. Kí ni ó ń ba ni lẹ́rù nínú èyí? Kì í ṣe ohun tí ó yàtọ̀. Pé kò yàtọ̀ rárá ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bá a jẹun láìsí ìfòyà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nìkan ni orí rẹ̀ ń wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Masahiro Mori ní ilẹ̀ Japan kọ̀wé ní 1970 pé bí ẹ̀rọ tí a ṣe ní àwòrán ènìyàn bá ti ń jọ ènìyàn tó ni a ó máa fẹ́ràn rẹ̀ tó, àfi ìgbà tí ó bá jọ ọ́ tán, tí ó ku díẹ̀ báyìí, ni yóò di ohun tí a kórìíra láti wò. Àwọn òyìnbó gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi uncanny pè é, wọ́n sì ń kọ ìwé ńláńlá lé e lórí. Àwọn ìyá àgbà tí ó ń pa ìtàn àkúdàáyà ti mọ èyí kí a tó dá iná mànàmáná sí ìlú wa.

Bí a bá wá ń wá revenant nínú èdè wa, ṣé àkúdàáyà kọ́ ni ó súnmọ́ ọn? Òun ni òkú tí a kò pè tí ó padà wá. Síbẹ̀ a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Egúngún, tí a pè, tí a dáṣọ fún, tí a lùlù fún, ni ó gba orúkọ náà.

Ohun tí irú ìtumọ̀ báyìí lè ṣe sí ìwé, ẹ wo ìwé Fágúnwà. Ní 1938 ni ó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Irúnmọlẹ̀! Àwọn tí ó ti ọ̀run rọ̀ wá sáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí lẹ́nu àwọn àgbà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì pè é ní The Forest of a Thousand Daemons. Ẹgbẹ̀rún kò sí nínú orúkọ tí Fágúnwà fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo daemons. Ó kọ ọ́ bí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ti í pè é, kí a má baà rò pé èṣù inú Bíbélì ni ó ń wí, nítorí pé daimon àwọn ará Gíríìkì kì í ṣe ẹni ibi. Ẹ̀mí kan ni láàárín ọlọ́run àti ènìyàn. Nígbà tí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn iwin àti ẹbọra, ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ghommid, tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì kankan, nítorí pé kò fẹ́ yá èyí tí ó wà nílẹ̀. A lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ṣe làálàá. Lẹ́yìn náà ni Ọláòyè Abíọ́yè gbé ìwé náà wá sí èdè Faransé. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì dúpẹ́ pé ẹnì kan ṣe é fún àwa tí Faransé jẹ́ èdè ilé-ìwé wa. Àkọlé rẹ̀ ni Le Preux Chasseur dans la forêt infestée de démons. Infestée! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún eku nínú àká àti ìdun nínú ibùsùn. Láti inú irúnmọlẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ daemons, láti ọ̀dọ̀ daemons a dé ọ̀dọ̀ démons, igbó tí ó jẹ́ ilé àwọn ẹni àkọ́kọ́ wá di ibi tí ó yẹ kí a fín oògùn sí. Ọmọ wa tí ó bá ka àkọlé náà kí ó tó ka ìwé ti mọ ẹni tí yóò kórìíra kí ọdẹ tó dé inú igbó.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò wí pé revenant ti kúrò lọ́wọ́ àwọn Faransé, pé ní ilẹ̀ Benin ó ti di ọ̀rọ̀ tiwa, pé ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ kò rántí òkú kankan tí ó ń rìn lóru, Egúngún aláṣọ ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń rí lójú inú rẹ̀. Èyí lágbára, a kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èdè ń rìn. Weird pàápàá rìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ìwé ìròyìn wa kì í dúró sí Adja-Ouèrè. Ẹni tí ó bá kà á ní Paris tàbí ní Montréal kò gbọ́ Faransé Àjàṣẹ́, Faransé tirẹ̀ ni ó ń gbọ́, òkú tirẹ̀ ni ó ń rí. Atúmọ̀-èdè tí ó bá sì gbé e láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ ghosts, bàbá wa yóò sì di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Àwọn aládùúgbò wa tí ó ń sọ èdè Gùn àti Fọ̀n ní kútítọ́ tiwọn. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ kí wọ́n ronú lórí sorcière. Ọ̀rọ̀ yẹn ní iná nínú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú ní Yúróòpù láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkejìdínlógún nítorí orúkọ náà. Kò ní ìparí mìíràn ju ìyẹn lọ: sorcière, a ń lé e ni, tàbí kí a pa á. A kò sọ pé àjẹ́ ní Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Ó ti sọ ènìyàn di ẹni ẹ̀sùn rí, ó sì tún ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún un tí Faransé kò ní: a lè pè wọ́n ní àwọn ìyá wa, a lè tẹ́ wọn nínú, a lè jó fún wọn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilẹ̀kùn náà. Agbára tí ó lè pa ni, òun náà ni ó ń bí, nítorí náà ọ̀wọ̀ ni a fi ń bá a lò. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá tí ó yẹ kí gbogbo ayé pamọ́, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé létí oko, tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kú, ìyàtọ̀ wà fún un, ó sì pọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ìyá tàbí sorcière.

Ẹgbẹ́ kẹta kan wà tí a kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ̀yìn wọn ni a wà. Àwọn ni ó ń sọ fún àwọn àlejò pé kò sí ohun tí ó ń ba ni lẹ́rù nínú àṣà wa, pé ijó àti aṣọ aláràbarà ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Egúngún ń ba ni lẹ́rù. Ní alẹ́ tí Orò bá ń ké, tí àwọn obìnrin ti wọlé, tí fìtílà ti kú, kò sí akọni tí kì í gbọ́ ohùn náà nínú egungun rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó jẹ́. A mọ ìdí tí ó fi jáde, a mọ ìgbà tí yóò wọlé, ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ sì mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù tí ó ní ìmọ̀ nínú ni, ó súnmọ́ ẹ̀rù tí ọmọ ń bẹ̀rù baba rẹ̀. Àlejò tí ó sùn mọ́jú ní ìlú wa ní alẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, òun ni ó ní ẹ̀tọ́ sí uncanny, nítorí pé òun ni kò mọ̀. Kò yẹ kí a fi àìmọ̀ rẹ̀ sọ orúkọ ohun tí àwa mọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ní ojú-ewé Faransé ìwé ìròyìn yìí, kí a máa kọ Egúngún, kí a máa kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Orò, òrìṣà, babaláwo, bí àwọn Faransé fúnra wọn ti ń kọ samouraï láìtúmọ̀ rẹ̀. Bí òǹkàwé kò bá mọ̀ ọ́n, gbólóhùn kan ti tó láti là á yé e, ó sàn ju ọ̀rọ̀ kan tí yóò ṣì í lọ́nà lọ. Kí a fi revenant sílẹ̀ fún àwọn òkú tí ó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lò ó fún àkúdàáyà, kí ó kọ̀wé sí wa, a ó jọ jiyàn rẹ̀.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹ bá tún bá eerie pàdé nínú ìwé, ẹ má sáré kọ abàmì. Ẹ bi ara yín pé kí ni ibẹ̀ ń ṣe sí ara ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ṣé orí rẹ̀ ń wú ni, àbí àyà rẹ̀ já? Ṣé ibẹ̀ dá páro ni, àbí ó kàn pa rọ́rọ́? Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìyá yín ní Massè, ní Kpoulou, ní Oko-Akarè, ní Tatonnonkon. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe àkókò tí òjìji ènìyàn kò sí, kí ni wọ́n ń pe ohùn tí ó dà bí ohùn ẹni tí a mọ̀ tí a kò sì gbọdọ̀ dá lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí ìyá náà ti pè é gan-an, ìbáà jẹ́ Nàgó, ìbáà jẹ́ Ọ̀họ̀rí, kì í ṣe bí ẹ ti rò pé ó yẹ kí a kọ ọ́. Ojú-ewé méjì ti wà nílẹ̀ fún un nínú ìtẹ̀jáde tí ó ń bọ̀, ti Yorùbá lápá kan, ti Faransé lápá kejì. Ní apá Faransé, ọ̀rọ̀ ìyá náà ni yóò wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí.